Ẹ Má Jẹ́ Ká Máa Da Ìkórè Nù ní Abobo

Ìgbà tí oúnjẹ pọ̀ jù lọ́dún gan-an là ń da oúnjẹ nù jù ní Abobo. Òjò kékeré oṣù kẹwàá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu ń ti Bondoukou wá, ilá àti tòmátì kún agbọ̀n, owó ọjà sì wálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, tòmátì tó ti fọ́ àti èèpo iṣu á ti di òkìtì létí ọjà, tòun ti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi dì í. Ata gbígbẹ, orúnlá àti èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà yìí. Ejìgbò ni àwọn òbí mi ti wá dó sí Abidjan. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin ará mi sọ kò pọ̀: ohun tó tinú ilẹ̀ hù kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọwọ́ wa ló ń sọ ọ́ dìdọ̀tí nígbà tí a bá pò ó mọ́ ọ̀rá.

Abobo kì í ṣe abúlé mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún sí kọ́múnù wa yìí. Yopougon nìkan ló pọ̀ jù wá lọ ní gbogbo Abidjan. Gbogbo wa la sì ń dáná lójoojúmọ́. Láti ọdún 1965 títí di 2019, Akouédo lápá Cocody ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí ìlú lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará Akouédo fi bá òórùn àti èéfín gbé. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n da májèlé inú ọkọ̀ ojú omi Probo Koala sí lóṣù kẹjọ ọdún 2006. Ìjọba ti ti ibẹ̀ pa, wọ́n sì sọ pé ọgbà ìgbafẹ́ ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Kossihouen, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ síhà àríwá, ni ọkọ̀ ń kó ìdọ̀tí lọ báyìí. Èyí sàn ju ti àtijọ́ lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ènìyàn ń gbé ní Kossihouen náà, wọ́n ní oko, wọ́n ní ọmọ. Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo àti èso tó rà. Owó epo ọkọ̀ là ń ná láti gbé omi rìn jìnnà. Bó bá débẹ̀, tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ọ́, á máa tú gáàsì methane jáde, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní ogún ju kábọ́n tó ń tinú èéfín jáde lọ.

Apá kan nínú ìdọ̀tí náà kì í tilẹ̀ dé Kossihouen. Inú gọ́tà ló ń wọ̀. Òjò tó rọ̀ lóru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2018 pa ènìyàn tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Abidjan. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ilé tí wọ́n kọ́ sójú àgbàrá sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé gọ́tà tó dí wà lára ohun tó ń gbé omi wọlé. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ti ṣòfin pé ká má lo ọ̀rá mọ́, síbẹ̀ ọ̀rá ṣì wà lọ́wọ́ olùtajà, ó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.

Àwọn ìyá wa kò ní fíríìjì, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìkórè bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Iṣu tó bá ṣẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, ó di èlùbọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n kọjá dídín, àwọn ará Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n fi epo pupa dín in, ó di dòdò Ìkirè tí arìnrìn-àjò ń dúró rà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Àwọn tí a bá nílé níbí náà ní tiwọn: wọ́n ń gún irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n ń dín in ní róbótó róbótó, klaklo nìyẹn. Orúnlá wa, àwọn ló ń fi se ọbẹ̀ djoumgblé. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n yìí kò jìnnà sí ẹnì kankan nínú wa.

Bí mo ṣe ń ṣe orúnlá mi rèé. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ra ilá tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ gbé e padà sílé. Mo ń rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí èyí tó bá nípọn á bu kó tó gbẹ. Orí àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé ni mo ń sá a sí. Ilá tí a bá sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ á gba yanrìn. Òjò oṣù kọkànlá lè dé lójijì, torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé, ká sì kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì. Tó bá ti ń dún ṣàkàṣàkà nínú agbọ̀n, ó gbẹ nìyẹn. Ilá tó yẹ kó di òkìtì létí ọjà lọ́jọ́ náà, oṣù kẹta, nígbà tí ilá ti gbówó lórí, ni màá tà á. Tòmátì ńkọ́? Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ da òróró lé e lórí nínú ìgò tó mọ́.

Èèpo ló kù. Ní Ejìgbò, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn máa ń wà, tẹ̀tẹ̀ àti elégédé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn sì ń hù níbẹ̀. Ohun tó mú wọn hù ni pé kò sí ọ̀rá nínú ààtàn náà. Nínú kọ́ọ̀ù tí a jọ ń gbé ní Abobo, kò sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n mo ní ike ńlá kan tí mo fi irin gbígbóná lu ihò sí nídìí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá da èèpo sí i, mo ń da ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó tí káfíńtà gbá jọ lé e. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi igi rò ó kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bó bá fẹ́ máa rùn, omi ló pọ̀ jù, mo fi ewé gbígbẹ kún un. Ẹran, egungun ẹja àti ọbẹ̀ olóróró kì í wọ ibẹ̀ rárá. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di ilẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òun ni mo dà sínú àpò ìrẹsì tí ewédú, ata àti gbúre mi wà. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ ọmọ Baoulé bi mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ pé, "Tantie, ṣé eku ò ní kó wa jáde báyìí?" Mo ní kó ṣí i wò. Èèpo tirẹ̀ náà ti ń wọ inú ike mi báyìí.

Ti ẹ̀gẹ́ tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe attiéké sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé. Inú wa dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níbi tí attiéké bá wà, èèpo wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró, kì í ṣe ohun tí a kàn ń jù fún ẹran jẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ní ILRI n'Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a, oúnjẹ ẹran gidi ni. Ewúrẹ́ àti àgùntàn kò wọ́n ní Abobo. Ẹni tó ń sìn wọ́n ń wá oúnjẹ, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ń wá ibi tó máa da èèpo sí. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì kò fi tíì pàdé?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn olówó ló ń fi oúnjẹ ṣòfò. Ìròyìn tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, gbé jáde lọ́dún 2024 kò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ló ṣòfò lágbàáyé lọ́dún 2022, inú ilé ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti ṣòfò, ilé ní orílẹ̀-èdè olówó àti ilé ní orílẹ̀-èdè tí owó wọn mọ níwọ̀n kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn mìíràn á ní a ti ń sanwó fún àwọn ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó ilẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ sì máa san án. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnì kan ni ọmọ yẹn náà. Àpò tí omi èèpo ń kán lára rẹ̀ ló ń gbé, eṣinṣin sì ń tẹ̀ lé e. Bí èèpo bá yàtọ̀ sí ọ̀rá, ẹrù rẹ̀ á fúyẹ́, á sì rí ike tó ṣeé tà ṣà nínú rẹ̀.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti dá ANAGED sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Mò ń bẹ wọ́n, mo sì ń bẹ mairie wa: ẹ gbé àpótí ńlá kan tó jẹ́ ti èèpo nìkan sí ọjà kọ̀ọ̀kan ní Abobo, ẹ fi ẹni tó máa ṣọ́ ọ síbẹ̀, kí ẹni tó ń sin ẹran àti ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ lè máa bù ú lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fún àwa obìnrin ọjà ní orí òrùlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ká lè máa sá ohun tó ṣẹ́ kù.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin ìyálé ilé, ẹ ra garawa kejì. Ọ̀rá àti ike sínú ọ̀kan, ohun tó hù láti inú ilẹ̀ sínú èkejì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ sọ fún bàbá wọn. Bí ẹ kò bá ní àpò ìrẹsì tí ẹ ó fi gbin nǹkan, ẹ wá ẹni tó ní nínú kọ́ọ̀ù yín, kí ẹ fún un ní èèpo yín. Òní yìí lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ bá fi dín aloko lálẹ́.