Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà

Àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Àmì mẹ́ta ni wọ́n tò, wọn kò sì gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì. Ọjọ́ orí ni ewú ń jẹ́rìí sí. Irùngbọ̀n ni wọ́n gbé ipò àgbà fún. Máamú, ìyẹn irun orí ètè, nìkan ni wọ́n bá wí, nítorí pé olúwarẹ̀ fi í ṣe fáàrí ohun tí kò tíì tó o. Ewú tó yọ lórí ẹni tí kò tíì gbó ńkọ́?

Ní Kétu, lágbègbè Plateau ní Benin, ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ojú ni a fi ń mọ ẹni tí a ó kúnlẹ̀ kí. Bí ewú bá ti gba iwájú orí obìnrin ọmọ ọdún 28, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa kí i bí ìyá wọn, ọlọ́jà á ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ rà?" Ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí lè ní kò tó nǹkan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí kò tíì tọ́ síni a máa nini lára.

Àwọn oníṣègùn awọ ara ní ewú tó bá yọ kí ènìyàn dúdú tó pé 30 ọdún yá jù. Ti òyìnbó, 20 ni wọ́n fi sí. Ìdílé ló sábà máa ń fà á. Àìtó fítámì B12, àìsàn táírọ́ìdì àti sìgá náà lọ́wọ́ sí i. Nítorí náà, bí ewú bá dédé ya dé tí kò sì sí nínú ẹbí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kó ṣáájú aró.

Ṣé ẹni tó bá wá kun ewú rẹ̀ láró kò ti ṣe àfojúdi báyìí? Rárá o. Onímáamú ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin ọmọ ọdún 28 yẹn ń dá ohun tí kò tíì tọ́ sí i padà ni. Kétu gan-an wà lára ìlú tí ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, ijó oníbòjú tí UNESCO kéde gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ní 2001. Nítorí àwọn ìyá wa, àwọn arúgbó pàápàá, ni wọ́n ṣe ń jó o. Síbẹ̀, lórí igi tí wọ́n gbẹ́ fún ìbòjú ijó náà ni wọ́n ti ń fi gèlè àti irun dídì ẹlẹ́wà hàn. Ewú kì í ṣe ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ obìnrin kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọ̀ tí à ń mú ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Dúdú kirikiri ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Ṣùgbọ́n irun ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Láàárín oṣù kan, ìlà funfun á ti là sábẹ́ dúdú yẹn, gbogbo ayé á sì rí i. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ sàn jù. Lórí páálí aró, nọ́ńbà 1 ni dúdú. 3 àti 4 ni búráùn tó ṣókùnkùn, 5 ló fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Irú aró yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí irun dúdú padà. Ewú ló ń gbà á, á sì dà bí ẹni pé wọ́n ta búráùn díẹ̀díẹ̀ sáàárín irun. Bí ìdí irun bá hù, kò ní pariwo. Kò gba ogbó, kò sì sẹ́ ewú. Kí ẹ má kọjá 5 nílé o: àwọ̀ wúrà ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ bó irun, irun tí a ti fi oògùn nà kì í sì í fara da ìyẹn, ó ń já.

Láálì gidi, tí í ṣe ewé tí a lọ̀, ń sọ ewú di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n ń pè ní láálì dúdú, wọ́n sábà máa ń po kẹ́míkà aró tí à ń pè ní PPD mọ́ ọn. PPD yìí náà wà nínú ọ̀pọ̀ aró inú páálí, ó sì máa ń pọ̀ jù nínú àwọn àwọ̀ tó dúdú. Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá 2 nínú 100 lọ lórí irun. Ẹ fi díẹ̀ lára aró náà sẹ́yìn etí ní wákàtí 48 kí ẹ tó kun irun. Bó bá yún, bó bá wú, ẹ fi páálí náà sílẹ̀ pátápátá. Ara tó bá ti kọ PPD lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́, ìgbà kejì a sì máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ.