Táyà Eléyín Ńlá Kọ́ Ni Táyà Yìnyín

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Kánádà, a bẹ̀ yín, ẹ má fojú lásán yan táyà píkọ́ọ̀pù yín. Táyà eléyín ńlá tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ jọ alágbára lóòótọ́, àmọ́ rọ́bà púpọ̀ nínú wọn máa ń le gbagidi bí òtútù bá mú. Àmì M+S kò tó ẹ̀rí. Bí ojú táyà ṣe rí nìkan ló ń sọ. Àmì òkè onígóńgó mẹ́ta tó ní yìnyín nínú ni kí ẹ wá, torí wọ́n ti dán ìyẹn wò lórí yìnyín.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé yìnyín kan náà la ń pe èyí tó rọ̀ bí òwú àti èyí tó dì bí gíláàsì. Táyà ò kà wọ́n sí ọ̀kan. Lórí èyí tó dì, rọ́bà rírọ̀ àti àwọn gígé wẹ́wẹ́ ojú táyà ló ń di ilẹ̀ mú. Nínú èyí tó mu ni dórúnkún, táyà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sì dín kù, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọkọ̀ má rì. Àwọn ará Iceland ń lo táyà ínǹṣì 38 tàbí 44, wọ́n á sì tú atẹ́gùn rẹ̀ títí kò fi ní ju psi 5 lọ. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí yóò fi fọn ún padà kó tó bọ́ sí títì, kó má dán an wò: táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́. Kò sí fọ́kànáísà lábẹ́ igi níbẹ̀ o!

Ẹni tó bá ń gbé ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń kó yìnyín kúrò lọ́nà, táyà òtútù lásán tó o. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó pààrọ̀.