Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Ọkàn Kì í Dá Ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ fetí sílẹ̀. Bí àwọn olóṣèlú bá ra ẹ̀rọ sí ọsibítù, wọn a ya fọ́tò. Ẹni tí yóò máa lò ó kì í sí nínú fọ́tò yẹn.

Láti 1953 tí Edler àti Hertz ti fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ọkàn ní ilẹ̀ Sweden, ọwọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ náà wà. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ni yóò gbé e sáàárín egungun ìhà aláìsàn, tí yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn bí wọ́n ṣe ń ṣí, tí wọ́n ń tì. Bí kò bá mọ iṣẹ́, irọ́ ni àwòrán yóò pa fún dókítà. Ta ló ra jáàkì tó ń retí kí jáàkì tú ẹ́ńjìnnì?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí ògiri ọkàn ki, kò sì ní pariwo. Awakọ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n a ní àárẹ̀ lásán ni!

Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ẹ bi ọ̀gá yín: ṣé àyẹ̀wò ọkàn wà nínú tiwa? Kí ìjọba náà gba àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, kí ó sì san owó wọn lásìkò, kí wọ́n tó bá ti ìlú òyìnbó lọ.