Ọ̀pá tó ṣeé ká sínú báàgì: oríkèé rẹ̀ ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé gígùn nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, sísọ̀ kalẹ̀ gan-an ni. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò máa ń gùn kó tó dé orí òkè tí ààfin Ọwá àtijọ́ wà. Tó bá sì ti wo gbogbo ohun tó wá wò tán, àtẹ̀gùn kan náà ló tún ń dúró dè é. Ìgbà tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni orúnkún máa ń sọ ọjọ́ orí ẹni. Ká má tíì sọ ti Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti ipele dé ipele, méje ni wọ́n, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀, tàbí ti Adó-Àwáyè, níbi tí adágún omi Ìyákẹ̀ wà lórí òkè.

Oníṣòwò tó bá ń ta omi tútù àti bisikíìtì nídìí irú òkè bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àlejò lọ síbẹ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn, ọjà kan wà tó yẹ kó ronú sí: ọ̀pá ìrìn méjì-méjì, èyí tó ṣeé ká sínú báàgì. Kì í ṣe fáàrí òyìnbó o. Ìwádìí tí Schwameder àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé ẹni tó bá fi ọ̀pá méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lè fi nǹkan bí ìdá 12 sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín ẹrù tí orúnkún ń rù kù. Màmá tó ti lé ní 60 ọdún, táwọn ọmọ rẹ̀ mú wá wo òkè, kò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé èyí fóun.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò ní gé igi nínú igbó. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó wá láti Àkúrẹ́ láàárọ̀, tó ń padà sílé nírọ̀lẹ́, ọ̀pá igi tó le dáadáa, tí wọ́n ti fá èèpo rẹ̀, ti tó o, kò sì sídìí tí oníṣòwò fi gbọ́dọ̀ tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àfi kó ra tòkè òkun. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ńkọ́, tó fún mọ́ àárín èrò nínú bọ́ọ̀sì, tí báàgì rẹ̀ wà lórí itan? Ẹni tó wálé láti Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ gun Ìdànrè lónìí, tó tún fẹ́ dé Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ́tunla? Igi gbọọrọ kò lè bá a rin irú ìrìn yẹn. Òun gan-an ni ẹni tó ń wá ọ̀pá kíká. (Ẹni tó bá fẹ́ lọ tà á nídìí Àpáta Olúmọ kó rò ó dáadáa o, wọ́n ti kọ́ àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀.)

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ bí eriali rédíò. Tí wọ́n bá tì í wọlé tán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kò sì lè wọ báàgì kékeré. Ìkejì ni èyí tó ń ká sí mẹ́ta. Okùn kan ló gba inú rẹ̀ kọjá. Téèyàn bá fa apá òkè rẹ̀, okùn yẹn á le, bọ́tìnì kékeré kan á yọ síta, á sì dá a dúró gbọnyin. Tí wọ́n bá ká a, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju bíi 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ilé iṣẹ́ Black Diamond ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó sọ irú èyí di ìlúmọ̀ọ́ká láti nǹkan bí ọdún 2011, Leki ti Jámánì náà ń ṣe é, àwọn aláìlórúkọ náà sì kún ọjà.

Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ojú lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ọ̀pá: ó ń dán, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ wálẹ̀. Wọn kì í wo oríkèé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríkèé ni gbogbo ọ̀pá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń yí i kó tó le. Nínú ṣọ́ọ̀bù, á le dáadáa. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, tí eruku ọyẹ́ sì wọnú rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wọlé nígbà tí ẹni tó gbára lé e ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ṣubú kò ní bú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pá. Ẹni tó tà á fún un ló máa bú, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá á sì máa gbọ́. Èyí tó ní apá kékeré tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ pa, bí irú èyí tí wọ́n fi ń mú ìjókòó kẹ̀kẹ́ le, ló sàn jù. Ojú lásán ti tó láti mọ̀ bóyá ó ti pa tàbí kò tíì pa, bó bá sì ń dẹ̀, sukúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n á fi mú un le padà.

Ti èyí tó ń ká sí mẹ́ta, inú okùn ni àìsàn tiẹ̀ wà. Bí okùn bá já, ọ̀pá náà kò wúlò mọ́ àfi tí wọ́n bá rí òmíràn fi sí i. Kí ẹni tó fẹ́ ra púpọ̀ bi ẹni tó ń tà á fún un bóyá ó ní okùn lọ́tọ̀. Tí kò bá ní, kó dín iye tó fẹ́ kó kù.

Gígùn tún wà níbẹ̀, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ máa fi ọ̀pá yá àlejò gbowó. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá kíká ló jẹ́ gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, bíi 110, 120 tàbí 130 sẹ̀ǹtímítà, kò ṣeé fà, kò ṣeé dín. Ó dára fún ẹni tó rà á fún ara rẹ̀. Ẹni tó ń yáni kò mọ ẹni tó ń bọ̀: òní lè jẹ́ ìyá kúkúrú, ọ̀la lè jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ga bí òpó iná. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé kí èèyàn dúró, kó fi ìdí ọ̀pá kanlẹ̀, kó di orí rẹ̀ mú, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ká bí igun tábìlì. Ẹni tó ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà máa nílò nǹkan bíi 115, tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kó fi 5 sí 10 kún un. Nítorí náà, èyí tó ń ká sí mẹ́ta, tí apá òkè rẹ̀ tún ṣeé fà gùn, ló yẹ ẹni tó ń yáni. Ó wọ́n díẹ̀ o, ṣùgbọ́n méjì rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ tí mẹ́fà aláìṣeéfà ìbá ṣe.

Káábọ̀n fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Àmọ́ tí káábọ̀n bá há sáàárín òkúta méjì, tí wọ́n sì fi agbára tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè ṣẹ́ lójijì. Alumíníọ̀mù sábà máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Kí oníṣòwò ra alumíníọ̀mù.

Ìdí ọ̀pá ni èrè kékeré tó ń wá lójoojúmọ́ wà. Ṣóńṣó irin líle tó wà níbẹ̀ dára nínú ẹrẹ̀ àti erùpẹ̀. Lórí àpáta gbígbẹ àti àtẹ̀gùn kọnkéré, rọ́bà ni wọ́n fi ń bò ó kó má baà máa yọ̀. Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO láti ọdún 2007, kò sì yẹ kí ṣóńṣó irin máa ha irú ibẹ̀ lára. Rọ́bà yìí ń jẹ, ó sì ń sọnù. Ẹni tó bá ra ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan lè má rà á mọ́ fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n á padà wá ra rọ́bà.

Ohun kan wà tí ẹnu lè máa yá ọlọ́jà láti sọ: pé níwọ̀n bí ó ti ń ká, oníbàárà lè gbé e sínú báàgì ọwọ́ wọ bàálù. Rárá o. TSA, àjọ tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí èrò gbé ọ̀pá ìgunkè tó ní ṣóńṣó wọlé síbi ìjókòó. Inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù ni wọ́n ní kó wà. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá tí arúgbó tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn fi ń rìn. Àǹfààní kíkúrú rẹ̀ ni pé kò ní yọ orí síta nínú báàgì náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kó tó sanwó, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀.

Méjì-méjì lọ́nà márùn-ún tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tó ń tà á, kí oníṣòwò ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó pa á, kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ọ̀kan nínú páálí o, gbogbo rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń yáni, kó gba owó tó tó ìdajì iye ọ̀pá náà sílẹ̀, tí yóò dá padà tí ọ̀pá bá dé láìtẹ̀. Èyí tó bá sì ti Erin-Ìjẹ̀ṣà dé, kó tú u, kó fi aṣọ gbígbẹ nu oríkèé rẹ̀, kó fi síbi tí afẹ́fẹ́ wà di ọjọ́ kejì kó tó ká a.