Bíréèkì Ṣáájú Ọ̀dà: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Yíyá fún Alùpùpù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa rò dáadáa kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó dé. Àwọn kan nínú wa ti kọ̀wé wá pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi tún alùpùpù àtijọ́ ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ nìkan o. Wọ́n fẹ́ yọ ẹsẹ̀ iwájú àti bíréèkì lára páwà báìkì òde òní, kí wọ́n fi sí ara ti àtijọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ní eré ọmọdé ni, pé owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ bá fàájì lọ. Àwọn mìíràn ní bí onígbèsè bá ti ń san gbèsè rẹ̀, kí ló kàn wá nínú ohun tí ó fi owó rà? Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Èrò tèmi ni pé kí a yá wọn, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ sọ ibi tí owó náà yóò kọ́kọ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tí ó ní eré ọmọdé ni lóhùn. Irin àtijọ́ kì í ṣe pàǹtí. Honda CB750 tí ó jáde ní 1969, ẹ́ńjìnì 736cc onípístìnì mẹ́rin ni ó ní, títí di òní sì ni a ń rí èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ayé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá fi irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún, ogún ni òjò ń pa lẹ́yìnkùlé yẹn. Owó páwà báìkì tuntun lónìí ti kọjá agbára òṣìṣẹ́ bí tiwa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bá wa pé kí a ran òun lọ́wọ́ láti jí ohun tí òun ti ní dìde, kò burú rárá. Ó sàn ju kí ó lọ yá owó elélé gọbọi lọ níta.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí CB750 jáde, dísìkì kan ṣoṣo níwájú àti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn jẹ́ ohun ìyanu. Páwà báìkì òde òní ní dísìkì méjì níwájú, kálípà alágbára sì ń fún un mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tí ó gùn ún a dà síwájú, ẹsẹ̀ iwájú ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Ẹ tún rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìrìn tí bíréèkì nílò láti fi dá ọkọ̀ dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ń sáré 40. Ẹ wá wo òpópó Ọba Akran tàbí Agege Motor Road ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tírélà ń bọ̀, dánfó dúró gbàgà láìjuwọ́ síni, ẹlẹ́rù ń sọdá. Ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn ti máa wá bíréèkì.

Síbẹ̀, kí ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wa ń kọ́kọ́ rà? Sàlẹ́ńsà tí ń pariwo, ọ̀dà tí ń dán, iná aláwọ̀ mèremère. Owó á tán sórí ẹwà, dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ á ṣì wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo ń bá wí nìyẹn.

Báwo wá ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè ṣe é? Kí ó ra gbogbo iwájú lára páwà báìkì tòkunbọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́. Kí ó gba fọ́ọ̀kì méjèèjì, àwo irin òkè àti tìsàlẹ̀ tí ó dì wọ́n mú, ẹsẹ̀ àti áàsìlì rẹ̀, dísìkì, kálípà, rọ́bà epo bíréèkì, àti èyí tí a ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀. Ẹni tí ó bá ra fọ́ọ̀kì Suzuki lónìí, kálípà Yamaha lọ́la, ẹsẹ̀ Honda lọ́túnla, owó tí yóò fi so wọ́n pọ̀ lè ju owó tí ó fi rà wọ́n lọ. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, iwájú Suzuki GSX-R ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò. Nílé wa níbí, Ládípọ̀ ní Múṣìn lókìkí fún páàtì ọkọ̀, Nnewi sì lókìkí fún páàtì alùpùpù.

Kí a tó sanwó, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí ọ̀pá fọ́ọ̀kì gbirigbiri lórí gíláàsì títẹ́jú. Èyí tí ó bá ti wọ́ yóò máa ta sókè. Ẹ fi ọwọ́ pa á lára. Ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni yóò máa gé síìlì, ọ́ìlì á sì máa jò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ yí i. Bí rímù bá ń jó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Nípa dídè é, ọ̀pá àárín tí ó wọ inú ọrùn ṣásí kì í sábà bára mu. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a wọn bíárìn, a wá èyí tí inú rẹ̀ gba ọ̀pá tuntun tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ọrùn àtijọ́ mu. Bí kò bá rí i, a fi ẹ̀rọ yọ ọ̀pá àtijọ́, a sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gé irin kí ó bá a wọ̀ ọ́ sínú àwo tuntun. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí wẹ́dà kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún wa létí títì. Ọrùn yẹn ni ó gbé ẹ̀mí ènìyàn dání.

Ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Fọ́ọ̀kì páwà báìkì sábà máa ń kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Bí iwájú bá lọ sílẹ̀ jù, ọwọ́ á yá jù, alùpùpù lè máa gbọ̀n lórí eré, sàlẹ́ńsà á sì máa họ ilẹ̀. Ṣásí àtijọ́ náà ńkọ́? A kò ṣe é fún bíréèkì tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kí a họ ọ̀dà ọrùn rẹ̀, kí a wò ó bóyá ó ti sán. Ní ti ẹ̀yìn, ẹni tí owó kò tó, kí ó fi bí ó ti wà sílẹ̀, kí ó ra ṣọ́kì méjì tí ó dára. Bí a bá ki ẹsẹ̀ ńlá bọ ẹ̀yìn tí ṣéènì kò sì tọ́, ṣéènì á jẹ eyín ara rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ táyà kàn wá gan-an ní Ìkẹjà. Àdúgbò wa níbí ni Dunlop ti ń ṣe táyà kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá láti ìgbà náà, àwọn mìíràn sì ti sùn pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Páwà báìkì òde òní sábà máa ń lo rímù 17 níwájú àti lẹ́yìn, CB750 sì lo 19 níwájú, 18 lẹ́yìn. Nítorí náà, kí a má ra táyà títí ẹsẹ̀ yóò fi wọlé.

Ó tún ku òfin. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 ka ọ̀nà 475 tí ó lé ọ̀kadà kúrò lórí wọn. Àwọn tí ń fi ẹ́ńjìnì 200cc sókè jíṣẹ́ ni ó yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, wọ́n lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń rò pé èrò ni òun yóò máa gbé láti fi san gbèsè wa, kí ó yáa pa èrò náà tì. Láti inú owó oṣù ni kí ó ti san án. Bí ó bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, kí ó tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kí nọ́ńbà tuntun lè wà níbẹ̀, kí wọ́n má baà mú un bí olè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí owó jáde ní ìgbà mẹ́ta: iwájú àti bíréèkì ni àkọ́kọ́, táyà àti bíárìn tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì àti wáyà ni ìkẹyìn. Ọ̀dà àti sàlẹ́ńsà, kí olúwarẹ̀ fi owó ara rẹ̀ rà á. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ìgbà kejì láìmú rìsíìtì wá, kí mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ yàn sì ti wo iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Owó akoto gidi kí ó wà nínú owó àkọ́kọ́ yìí. Ẹ rántí oṣù kìíní 2009 tí àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí nítorí Road Safety. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí là. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe é parapọ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú mẹkáníìkì kan. Ẹni mẹ́rin tí ó bá jọ ń nájà, ọlọ́jà á gbọ́ tiwọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin onídùúró, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹni tí ẹ dúró fún bá ṣubú lójú títì, ẹ̀yin ni ẹ ó san gbèsè, ìdílé rẹ̀ ni yóò sì sunkún. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀: kí ni yóò kọ́kọ́ rà? Bí kò bá dáhùn pé bíréèkì, ẹ ká bírò yín sí àpò.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé