Ẹ Má Fa Iná Gáréèjì Láti Pálọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí á fa iná gáréèjì láti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kò gbà wá nímọ̀ràn ire. Nílé bàbá mi ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan: wáyà pupa àti dúdú nìkan ni mo bá, kò sí wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Rọ́bà ara wọn ń rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà! Bí ẹnìkan bá sì lo ẹ̀rọ wẹ́dà 3,000 wáàtì ní gáréèjì, lórí iná 230 fóòtì, yóò fa nǹkan bí 13 áńpù. Ṣé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà á?

Láti bọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti fa wáyà tuntun, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀, àti èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti jò tó 30 milliamp. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.