SÓJÀ FẸ̀YÌNTÌ, ÒṢÌṢẸ́ NI: Ẹ̀TỌ́ RẸ̀ KÌ Í ṢE SÀRÁÀ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó oṣù tiwa, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa rárá. Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Òkèhò dé Ìgbòho, àdúgbò wo ni kò ní sójà fẹ̀yìntì? Òmíràn nínú wọn ló ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń wọ̀ láràárọ̀. Òmíràn ń wa mọ́tò lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, ó sì ń dá owó ẹgbẹ́ bíi tiwa. A kì í rántí pé bàbá yìí ti jagun rí, àfi bí 15 January bá pé, tí wọ́n fọn fèrè, tí àwọn ọlọ́lá fi òdòdó lélẹ̀, tí wọ́n sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó di màígádì padà.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ sójà. Ṣé kì í ṣe ìjọba ológun ló tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NLC àti ti NUPENG ká ní 1994? Òun ni, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́póràlì kankan láti Kíṣí tó bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ṣe òfin náà. Àwọn ọ̀gá tó pàṣẹ ti kọ́lé, wọ́n ti ra ilẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn fún wọn ló ń tò lórí ìlà ní báńkì, tó ń wò bóyá owó ìfẹ̀yìntì oṣù yìí ti wọlé.

Ohun kan tún wà. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1973 kò gba sójà láyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ẹlòmíràn fi ń gba àṣẹ, kò sí ọjọ́ kan tó jókòó dúnàádúrà. Nígbà tó bá wá bọ́ aṣọ, ọ̀nà méjì péré ló mọ̀: kó dákẹ́, tàbí kó gbé igi dí ọ̀nà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì yìí, iṣẹ́ tiwa ni, a sì lè kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo Gánà nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà bá òyìnbó lọ jagun ní Bọ́mà, bí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ti lọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n padà délé, iṣẹ́ kò sí, ọjà sì ti gbówó lórí. Ní 28 February 1948, wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rìn lọ sọ́dọ̀ Gómìnà ní Christiansborg, ní Accra. Kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Imray, dá wọn dúró ní oríta, ó ní ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí kọ́ ni wọ́n gbà. Ìbọn sì dún. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́póràlì Attipoe àti Odartey Lamptey, tí kò tíì ní ipò kankan, kú. Ìgboro dàrú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ka òkú, ó jẹ́ 29, àwọn tó fara pa sì lé ní 200.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Láti January ọdún náà ni Nii Kwabena Bonne ti kó àwọn ará ìlú jọ pé kí wọ́n má ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà òyìnbó nítorí owó gọbọi. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún sójà, ìyá aláta àti ọmọ ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ pé ìyà kan náà ló ń jẹ àwọn. Bí ó bá jẹ́ àwọn sójà nìkan ni, ìjọba ì bá sin òkú mẹ́ta, kó sì tán síbẹ̀. Kò tán síbẹ̀: ìgbìmọ̀ ìwádìí wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ní 1957 sì ni Gánà gba òmìnira. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà. A kò dá òkú lẹ́bi o. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ọ̀nà kan péré ni ọlọ́pàá rí dì mú láti fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwọ́de lónìí, kó kọ ọ̀nà tí yóò gbà sílẹ̀, kó fún ọlọ́pàá ní ẹ̀dà kan, kó ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tirẹ̀, kó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà náà.

Àwa náà mọ bí a ṣe ń bá ìjọba wọ̀ ọ́. Ní 1945, nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà ní Bọ́mà, Michael Imoudu àti nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì nítorí owó ọjà tó le. Ó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ Tudor Davies ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú ọjà tó le. Ohun tí wọ́n ń béèrè ní iye, ó sì ní orúkọ. Ẹ̀hónú tí kò ní iye, ariwo ọjà ni.

Kí ni iye tí sójà fẹ̀yìntì lè tọ́ka sí? Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ti bá a sọ ọ́. Ẹ ṣí i sí abala 173: owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ di àyẹ̀wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Abala 318 sì ka ọmọ ológun mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦18,000 ti 2011, ó di ₦30,000 ní 2019, ó di ₦70,000 ní 2024, òfin 2024 náà sì ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ta ló ja ìjà wọ̀nyẹn bí kò ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Bí a bá ń jókòó fún owó oṣù, tí sójà fẹ̀yìntì jókòó sílé, tó dúró di ìgbà tí a parí kó tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó ti pẹ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí a bá gbé ìwé tiwa síwájú ìjọba ni kí tirẹ̀ náà ti wà nínú rẹ̀.

Láàárín 2022 sí 2025, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lọ dúró sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá nítorí owó tí wọ́n ń pè ní Security Debarment Allowance àti àfikún owó ìfẹ̀yìntì. Èyí tọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n lọ. Èyí tí a kò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni lọ dí ojú ọ̀nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn. Awakọ̀ tó ra epo lówó gọbọi láàárọ̀ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀, òun gan-an ló sì yẹ kó dúró tì í.

Ní Íńdíà, ohun tí àwọn sójà fẹ̀yìntì ń béèrè kò ju gbólóhùn kan lọ: ipò kan, owó ìfẹ̀yìntì kan. Ẹni tó fẹ̀yìntì láyé àtijọ́ àti ẹni tó fẹ̀yìntì lánàá, bí ipò wọn àti iye ọdún wọn bá dọ́gba, kí owó wọn dọ́gba. Ọmọdé lè há a sórí. Ní 2015 wọ́n jókòó sí gbangba ní Delhi láti June, nígbà tó di September ìjọba gbà. Nítòsí wa níbí, àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé mọ irú ìyà mìíràn: òfin 1959 dá owó ìfẹ̀yìntì sójà Áfíríkà dúró sójú kan, ti sójà Faransé ń lọ sókè. Sájẹ́ǹtì kan láti Sẹ̀nẹ̀gà, Amadou Diop, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2001 ni ilé ẹjọ́ dá a láre, ṣùgbọ́n ó ti kú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹgbẹ́ máa gbé ẹjọ́ lọ, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kì í tètè kú.

Àbí ó lè kú? Bí ẹgbẹ́ méjì bá wà ní ìlú kan, tí oníkálukú ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, tí ààrẹ méjì ń jà nítorí àga, ìjọba yóò yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn alárinà tó ń gba owó lọ́wọ́ arúgbó pé àwọn yóò bá a sáré fáìlì ní Àbújá. Olè ni wọ́n.

Sójà fẹ̀yìntì tí ń bẹ nínú ẹ̀ka wa, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kó mú ẹ̀dà ìwé ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun àti ìwé báńkì oṣù mẹ́fà wá fún akọ̀wé. Kó rí i dájú pé orúkọ ìyàwó tàbí ọmọ tó fẹ́ kó jogún wà nínú fáìlì, nítorí opó tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. A ó to gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan, orúkọ, ipò, ọdún tó fẹ̀yìntì, iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn awakọ̀ náà, bí wọ́n bá pe àwọn bàbá wọ̀nyí fún àyẹ̀wò ní ìlú ńlá, ẹ fún wọn ní àyè níwájú ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n san ju ìdajì owó lọ. A ti sọ fún alága gáréèjì, ó sì ti gbà.